Walking bass

Walking bass jẹ́ ọ̀nà kan tí à ń gbà ta báàsì nínú orin jáàsì àti búlúùsì, níbi tí atabáàsì ti ń ta ohùn kan fún kíkà kọ̀ọ̀kan, láìdáwọ́ dúró. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni "báàsì tó ń rìn", nítorí pé àwọn ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ léra wọn bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà, tí kò sáré, tí kò sì dúró. Ọ̀nà yìí gbilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1920 sí 1940, lọ́wọ́ àwọn olórin Adúláwọ̀ ní àwọn ìlú bíi New Orleans, New York àti Kansas City. Ó sì di ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin jáàsì dúró lé títí di òní.

Iṣẹ́ mẹ́ta ni báàsì tó ń rìn ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń pa ìyára orin mọ́. Ó ń jẹ́ kí etí gbọ́ kọ́ọ̀dù tí orin wà lórí rẹ̀. Ó sì ń tọ́ka sí kọ́ọ̀dù tó ń bọ̀ kí ó tó dé. Iṣẹ́ kẹta yìí ló ṣòro jù fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé a kì í sábà kọ ìlà báàsì sílẹ̀ fún ẹni tí yóò ta á. Orúkọ àwọn kọ́ọ̀dù nìkan ló máa ń wà lórí ìwé. Atabáàsì fúnra rẹ̀ ni yóò yan àwọn ohùn tí yóò so wọ́n pọ̀, yóò sì yàn wọ́n nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́.

## Àwọn ọ̀rọ̀ àti àmì

Nínú àyọkà yìí, *kíkà* ni ìró tó ń lọ déédéé lábẹ́ orin, èyí tí ẹsẹ̀ olùgbọ́ máa ń bá lọ. *Ìwọ̀n* ni àkójọ kíkà. Nínú ọ̀pọ̀ orin jáàsì àti búlúùsì, kíkà mẹ́rin ló wà nínú ìwọ̀n kan. *Kọ́ọ̀dù* ni ohùn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a pa pọ̀ kí wọ́n dún bí ọ̀kan. *Ohùn ìpìlẹ̀* ni ohùn tí a fi ń pe orúkọ kọ́ọ̀dù náà. Tí a bá ka àwọn ohùn láti orí ìpìlẹ̀ yìí, a ó rí ohùn kẹta, ohùn karùn-ún àti ohùn keje, tí wọ́n jẹ́ ara kọ́ọ̀dù.

Àmì sol-fa, d r m f s l t, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lò tipẹ́tipẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ni a fi kọ àwọn àpẹẹrẹ. Àyè tó wà láàárín m àti f, tàbí láàárín t àti d tó wà lókè rẹ̀, ni *ìgbésẹ̀ kékeré*; ìlọ́po méjì rẹ̀ ni *ìgbésẹ̀ ńlá*, bí èyí tó wà láàárín d àti r. Nígbà tí a bá rẹ ohùn sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kékeré kan, a fi lẹ́tà "a" sí i: ma wà lábẹ́ m, ta wà lábẹ́ t. Nígbà tí a bá gbé e sókè, a fi "e" sí i: de wà lókè d, fe lókè f, se lókè s. Àmì ' fi hàn pé ohùn náà bọ́ sí ọ̀wọ́ òkè. Àmì , fi hàn pé ó bọ́ sí ọ̀wọ́ ìsàlẹ̀.

## Ìtàn

### Kí jáàsì tó dé

Báàsì tó ń rìn kò bẹ̀rẹ̀ nínú jáàsì. Nínú orin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àti ìkejìdínlógún, àwọn akọ̀wé-orin bíi Arcangelo Corelli ti Ítálì (1653–1713) àti Johann Sebastian Bach ti Jámánì (1685–1750) a máa fi ìlà báàsì tó ń lọ ní ìgbésẹ̀ kan náà sábẹ́ àwọn ohùn mìíràn. Àpẹẹrẹ kan tí a mọ̀ dáadáa ni orin ìṣáájú ní B minor tó wà nínú ìwé kìíní *The Well-Tempered Clavier* ti Bach, tí ó parí ní ọdún 1722. Ìyàtọ̀ ńlá ni pé Bach kọ gbogbo ohùn rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí atabáàsì jáàsì ń hun tirẹ̀ lójú agbo.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn olóríṣiríṣi orin boogie-woogie, tí wọ́n ń fi dùùrù kọ búlúùsì, ti ń fi ọwọ́ òsì wọn ta irú ìlà bẹ́ẹ̀. Meade Lux Lewis gba orin rẹ̀, *Honky Tonk Train Blues*, sílẹ̀ ní ọdún 1927. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1938, òun, Albert Ammons àti Pete Johnson ṣeré ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall ní New York, níbi tí orin boogie-woogie ti di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ ọ rí.

### Láti kíkà méjì sí kíkà mẹ́rin

Nínú jáàsì àkọ́kọ́, ohùn méjì péré ni báàsì sábà máa ń mú wá nínú ìwọ̀n kan, ní kíkà kìíní àti ìkẹta. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò tilẹ̀ lo báàsì olókùn rárá: tuba, fèrè idẹ ńlá nì, ni wọ́n ń lò, nítorí pé ìró rẹ̀ ga tó láti jáde nínú ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ayé ìgbà náà. Ẹni tó ń fọn tuba sì nílò àyè láti mí. Nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbohùngbohùn oníná ní ọdún 1925, ìró báàsì olókùn wá ṣeé gbọ́ lórí àwo, tuba sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀.

Wellman Braud (1891–1966), ọmọ ìpínlẹ̀ Louisiana, wọ ẹgbẹ́ Duke Ellington ní ọdún 1927. *Washington Wobble*, tí ẹgbẹ́ náà gbà sílẹ̀ ní ọdún yẹn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àwo tí a máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ báàsì tó ń rìn ní ìgbà ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ọ̀nà yìí jù lọ ni Walter Page (1900–1957). Ó darí ẹgbẹ́ Blue Devils ní Oklahoma City, ó sì tún mọ tuba àti saksofóònù ńlá lò, kí ó tó wọ ẹgbẹ́ Bennie Moten ní Kansas City. Nínú *Moten Swing*, tí ẹgbẹ́ náà gbà sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1932, a gbọ́ báàsì Page tó ń rìn ní kíkà mẹ́rin lábẹ́ gbogbo ẹgbẹ́. Lẹ́yìn ikú Moten ní ọdún 1935, Page bá Count Basie lọ. Láti ọdún 1937, òun, Basie lórí dùùrù, Freddie Green lórí gìtá àti Jo Jones lórí ìlù di ẹgbẹ́ ìpìlẹ̀ orin tí àwọn olórin mìíràn ń wò kọ́ṣẹ́. Nítorí pé báàsì Page ti gbé kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Basie lè dín ohun tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń ṣe kù, Jones náà sì lè gbé ìró ìlù láti orí ìlù ńlá lọ sórí àwọn àwo idẹ. Bí báàsì ṣe yí padà ló yí iṣẹ́ gbogbo àwọn yòókù padà.

### Lẹ́yìn Page

Jimmy Blanton (1918–1942) wọ ẹgbẹ́ Ellington ní ọdún 1939. Ìlà báàsì rẹ̀ dùn bí orin tí ènìyàn lè kọ lẹ́nu, ó sì fi hàn pé báàsì lè gba ipò iwájú nínú orin, bí a ṣe gbọ́ ọ nínú *Jack the Bear* (1940) àti nínú àwọn orin tí òun àti Ellington nìkan jọ gbà sílẹ̀. Ọdún méjì péré ló lò nínú ẹgbẹ́ náà kí ikọ́ ife tó dá a dúró. Ó kú ní ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Oscar Pettiford, Ray Brown àti Charles Mingus wà lára àwọn tó gba ọ̀nà tó là.

Nínú búlúùsì ti ìlú Chicago, Willie Dixon (1915–1992), ọmọ ìpínlẹ̀ Mississippi, fi báàsì ńlá rẹ̀ gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin tí ilé-iṣẹ́ Chess gbé jáde. Báàsì oníná ti Leo Fender, tí a ń pè ní Precision Bass, jáde ní ọdún 1951. Kò pẹ́ tí Monk Montgomery fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó nínú ẹgbẹ́ jáàsì Lionel Hampton. Láti ìgbà náà ni báàsì tó ń rìn ti ní ohun èlò méjì.

## Ohun èlò

Báàsì ńlá onígi ga ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ìdúró ni a sì sábà máa ń ta á. Okùn mẹ́rin ló ní, tí a ń pe ohùn wọn ní E, A, D àti G láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Báàsì oníná ní okùn mẹ́rin kan náà, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ kúrú, ó sì ní àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fi ibi ohùn kọ̀ọ̀kan hàn. Lórí báàsì ńlá, kò sí irú àmì bẹ́ẹ̀. Etí àti ìrántí ọwọ́ ni atabáàsì fi ń mọ ibi tí ohùn wà.

Àyè tó wà láàárín okùn kan àti èkejì dọ́gba jálẹ̀, ó sì jẹ́ àyè kan náà tó wà láàárín d àti f. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá ti mọ bí ìka ṣe ń tò fún kọ́ọ̀dù d, kí ó gbé ètò ìka náà sórí okùn tó tẹ̀ lé e lókè, láìyí ipò ọwọ́ padà, yóò sì bá ara rẹ̀ lórí kọ́ọ̀dù f. Bí ó bá tún fi ìgbésẹ̀ ńlá kan sún ọwọ́ síwájú lórí okùn náà, kọ́ọ̀dù s ni ó dé. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta yìí ni búlúùsì dúró lé.

Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, okùn ìfun ẹran ni wọ́n ń ta lórí báàsì ńlá, wọ́n sì máa ń gbé e jìnnà sí ọrùn ohun èlò náà kí ìró rẹ̀ lè ga. Èyí nílò agbára púpọ̀. Okùn irin àti ẹ̀rọ tó ń gbé ìró sókè mú kí iṣẹ́ náà fúyẹ́, ó sì jẹ́ kí ohùn kan pẹ́ lórí okùn kí òmíràn tó dé.

## Bí a ṣe ń hun ìlà báàsì

Kíkà mẹ́rin inú ìwọ̀n kan kò ní ẹrù kan náà.

Kíkà kìíní ni ibi tí olùgbọ́ ti ń retí kọ́ọ̀dù. Bí kọ́ọ̀dù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, ohùn ìpìlẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi síbẹ̀. Àwọn àgbà olórin lè fi ohùn kẹta tàbí ìkarùn-ún síbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Kíkà kejì àti ìkẹta ni a fi ń sọ irú kọ́ọ̀dù tó jẹ́. Ohùn kẹta ló ń fi hàn bóyá ó jẹ́ kọ́ọ̀dù tó mọ́lẹ̀ tàbí èyí tó ṣókùnkùn. Ohùn keje ló sì ń fún búlúùsì ní adùn rẹ̀. A tún lè lo ohùn akọjá, ìyẹn ohùn tí kì í ṣe ara kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n tó wà lójú ọ̀nà láàárín méjì tó jẹ́ ara rẹ̀.

Kíkà kẹrin ni afárá. Ohùn tí a fi síbẹ̀ ni a ń pè ní ohùn atọ́nà, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú etí lọ sí ohùn àkọ́kọ́ nínú ìwọ̀n tó ń bọ̀. Ohùn atọ́nà tó lágbára jù ni èyí tó fi ìgbésẹ̀ kékeré kan jìnnà sí ibi tí a ń lọ, yálà láti ìsàlẹ̀ tàbí láti òkè. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ ara kọ́ọ̀dù tí a ṣì wà lórí rẹ̀. Ohùn tí ì bá dún bí àṣìṣe bí a bá dúró lé e lórí máa ń dún dáadáa nígbà tí ó bá ń lọ sí ibi tó tọ́.

Nítorí náà, ìlà báàsì kì í ti iwájú lọ sí ẹ̀yìn nínú èrò atabáàsì. Ibi tó ń lọ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ohùn atọ́nà tí yóò mú un débẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni yóò fi àwọn ohùn àárín dí àyè tó ṣẹ́ kù.

## Búlúùsì oníwọ̀n méjìlá

Búlúùsì oníwọ̀n méjìlá ni ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ló ní, àyíká rẹ̀ kúrú, gbogbo olórin jáàsì sì mọ̀ ọ́n. Ètò rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ni ìwọ̀n mẹ́rin lórí kọ́ọ̀dù d, méjì lórí f, méjì lórí d, ọ̀kan lórí s, ọ̀kan lórí f, ọ̀kan lórí d, àti ọ̀kan lórí s tí yóò dá orin padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó rọrùn jù ni àpẹẹrẹ oníwọ̀n méjì kan tí boogie-woogie sọ di mímọ̀: d m s l | ta l s m. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ètò yìí kan náà lọ sórí f, yóò sì di f l d' r' | ma' r' d' l. Lórí s, níbi tí ìwọ̀n kan péré wà, ìdajì rẹ̀ tó: s t r' m'. Ẹni tó bá lè ta èyí láìṣìnà ti lè bá ẹgbẹ́ búlúùsì ṣeré.

Ìgbésẹ̀ tó kàn ni kí a fi ohùn atọ́nà sí i. Àpẹẹrẹ àyíká kan nìyí:

Ìwọ̀n 1 sí 4: d m s l | ta l s m | d r ma m | s ta s fe

Ìwọ̀n 5 sí 8: f l d' r' | ma' d' l t | d' ta s m | d m f fe

Ìwọ̀n 9 sí 12: s t r' m' | f' d' l t | d' ta l se | s f r t,

Ohùn méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà méje ni kọ́ọ̀dù yí padà, tí a bá ka ìpadàsí ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ohùn ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀dù tuntun ló sì wà ní kíkà kìíní nígbà méjèèje. Ní gbogbo ìgbà náà, ohùn tó ṣáájú rẹ̀ fi ìgbésẹ̀ kékeré kan péré jìnnà sí i. Ní ìparí ìwọ̀n kẹrin àti ìkọkànlá, òkè ni ohùn atọ́nà ti wá. Ní márùn-ún yòókù, ìsàlẹ̀ ni. Ohùn fe tó parí ìwọ̀n kẹrin kò sí nínú kọ́ọ̀dù d, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú kọ́ọ̀dù f. Ẹni tó bá ta á ní òun nìkan yóò rò pé ó ṣì í. Ẹni tó bá ta f tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ yóò gbọ́ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Ní ìwọ̀n kejì àti ìkẹrin, a kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn ìpìlẹ̀, nítorí pé kọ́ọ̀dù kò tíì yí padà, etí sì ti mọ ibi tí a wà.

## Láti búlúùsì sí orin jáàsì mìíràn

Nínú àwọn orin jáàsì yòókù, kọ́ọ̀dù sábà máa ń yí padà ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwọ̀n kan. Ìtẹ̀léra tó wọ́pọ̀ jù ni kọ́ọ̀dù r, kọ́ọ̀dù s àti kọ́ọ̀dù d, ìyẹn ìrìnàjò sílé ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Àpẹẹrẹ ìlà kan fún un ni: r f l se | s t r' de' | d'. Nígbà méjèèjì, òkè ni ohùn atọ́nà ti sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn búlúùsì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa lọ sórí àwọn kọ́ọ̀dù *I Got Rhythm*, orin tí George Gershwin kọ ní ọdún 1930. Ìwọ̀n méjìlélọ́gbọ̀n ni àwọn olórin jáàsì ń lò nínú àyíká rẹ̀, ní ìpín mẹ́rin tí ẹ̀kẹta wọn yàtọ̀. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìpín tó wà nígbà gbogbo, nítorí pé ìpín kìíní, ìkejì àti ìkẹrin jọra.

Atabáàsì kì í fi gbogbo orin rìn ní kíkà mẹ́rin. Nígbà tí a bá ń kọ orin gan-an lẹ́ẹ̀kìíní, ó lè ta ohùn méjì nínú ìwọ̀n kan, kí ó wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn nígbà tí olórin kan bá bẹ̀rẹ̀ àtinúdá tirẹ̀. Ìyípadà yìí ń mú kí orin gbérasọ láìjẹ́ pé ìyára rẹ̀ yí padà.

## Ẹ̀kọ́ àti ìdánrawò

Gbígbọ́. Olùkọ́ a máa ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yan àyíká kan ṣoṣo láti inú àwo, kí ó fi ẹnu kọ ìlà báàsì rẹ̀, kí ó tó wá a lórí okùn. *Freddie Freeloader*, tí Paul Chambers ta báàsì rẹ̀ nínú àwo Miles Davis, *Kind of Blue* (1959), jẹ́ búlúùsì oníwọ̀n méjìlá tí ìyára rẹ̀ kò le. *C Jam Blues*, tí Ray Brown ta báàsì rẹ̀ nínú *Night Train* ti Oscar Peterson, náà dára fún iṣẹ́ yìí.

Ẹ̀rọ tó ń ka ìwọ̀n. A máa ń ṣètò ẹ̀rọ yìí kí ó dún ní kíkà kejì àti ìkẹrin nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò mú kíkà kìíní àti ìkẹta wá. Bí ó bá ń sáré tàbí tó ń falẹ̀, yóò mọ̀ kíákíá, nítorí pé ẹ̀rọ náà yóò bọ́ sí kíkà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyára díẹ̀díẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó le láti rìn dáadáa ní ìyára kékeré ju bí ó ṣe rí lójú ẹni tí kò tíì dán an wò.

Kíkọ sílẹ̀, kí a sì gbé ìwé tì. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ àyíká márùn-ún tó yàtọ̀ síra fún búlúùsì kan náà, kí ó ta wọ́n títí wọn yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó wá gbé ìwé náà kúrò. Ète kíkọ ni pé kí ọwọ́ mọ ọ̀nà púpọ̀ tó lè gbà dé ibì kan náà.

Bíbá àwo ṣeré. Láti ọdún 1967 ni Jamey Aebersold ti Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde fún ìdánrawò, nínú èyí tí ẹgbẹ́ kan ń ta kọ́ọ̀dù kí akẹ́kọ̀ọ́ lè bá wọn lọ. Lóde òní, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe èyí.

Ìwé ẹ̀kọ́. Ìlànà Franz Simandl, tó ti wà láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣì fi ń kọ́ni ní ètò ìka lórí báàsì ńlá. Ray Brown, Rufus Reid àti Ron Carter, tí gbogbo wọn jẹ́ atabáàsì jáàsì, kọ ìwé ẹ̀kọ́ tiwọn.

Ìtọ́jú ọwọ́. Awọ orí ìka máa ń wú, ó sì lè bó ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kí ó tó le. Ìrora inú ọrùn-ọwọ́ tàbí apá yàtọ̀ sí èyí: ó ń fi hàn pé a ń fún ọrùn báàsì mọ́ra jù, tàbí pé a kò sinmi tó. Ìwúwo apá ló yẹ kí ó tẹ okùn, kì í ṣe ìfúnmọ́ àtàǹpàkò.

## Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

* Gígé ohùn kúrú. Ohùn kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó pẹ́ títí èkejì yóò fi dé. Bí ìka òsì bá tètè kúrò lórí okùn, ìrìn náà yóò di ìtọkítọkí.
* Sísáré. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí olórin mìíràn bá ń ta ohùn púpọ̀, tí atabáàsì sì fẹ́ bá a lọ.
* Ọ̀ṣọ́ àṣejù. Ohùn kékeré tí a fi há àárín kíkà dára bí iyọ̀ ṣe dára nínú ọbẹ̀.
* Àìkúrò lórí ìpìlẹ̀. Ẹni tó ń ta ohùn ìpìlẹ̀ àti ìkarùn-ún nìkan kò tíì sọ irú kọ́ọ̀dù tó wà lórí rẹ̀.
* Sísọ ibi tí a wà nù. Èyí ló burú jù. Atabáàsì tó bá fo ìwọ̀n kan ti fi kọ́ọ̀dù mìíràn sábẹ́ gbogbo ẹgbẹ́. Ohun tí a ń kọ́ni ni pé kí ó má ṣe dúró. Kí ó máa rìn lọ lórí ohùn tí kò lè ba nǹkan jẹ́, kí ó fetí sí dùùrù, kí ó sì wọlé padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àyíká.

## Ojúṣe báàsì láàárín ẹgbẹ́

Ìbátan tó sún mọ́ra jù nínú ẹgbẹ́ jáàsì ni ti báàsì àti àwo idẹ tí onílù fi ń gbé kíkà. Bí àwọn méjèèjì bá jọ ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù lè fa ohùn tiwọn sẹ́yìn tàbí kí wọ́n tì í síwájú láìsí ìbẹ̀rù.

Ìwúwo iṣẹ́ báàsì hàn jù nínú àwọn ẹgbẹ́ tí kò ní dùùrù. Ní ọdún 1952, Gerry Mulligan dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀ pẹ̀lú Chet Baker láìsí dùùrù. Ní ọdún 1957, Sonny Rollins gba *Way Out West* sílẹ̀ pẹ̀lú Ray Brown lórí báàsì àti Shelly Manne lórí ìlù nìkan. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ń ta kọ́ọ̀dù. Ohùn mẹ́rin tí báàsì yàn nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni gbogbo ohun tí olùgbọ́ ní láti fi mọ ibi tí orin dé.

## Ìyàtọ̀ sí irú báàsì mìíràn

Ohun tó ya báàsì tó ń rìn sọ́tọ̀ ni pé kì í padà sí ẹsẹ̀ rẹ̀ àtijọ́: ìlà rẹ̀ ń yí padà láti àyíká kan sí òmíràn. Nínú orin Kúbà, àpẹẹrẹ báàsì tí a ń pè ní *tumbao* ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì sábà máa ń ṣáájú kíkà kìíní, tí yóò sì fi kíkà náà sílẹ̀ ní òfìfo.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àtúnṣe náà ló gbilẹ̀. Agídìgbo, tó wà nínú ẹgbẹ́ àpàlà Haruna Ishola, ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ kúkúrú tó ń padà wá. Fẹlá Kútì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, ó kọ́ orin ní Trinity College of Music, ó sì ń ṣe jáàsì àti highlife papọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ Koola Lobitos. Ṣùgbọ́n nínú Afrobeat tó wá dá sílẹ̀, gbólóhùn báàsì kúkúrú kan ló ń yí po fún ìṣẹ́jú púpọ̀, tí àwọn gìtá, ìlù àti fèrè sì ń hun ara wọn mọ́ ọn.

Bí a bá fi ẹgbẹ́ dùndún ṣe àfiwé, báàsì Afrobeat sún mọ́ iṣẹ́ gúdúgúdú, tó ń di ìró kan mú kí ìyá ìlù lè sọ̀rọ̀. Báàsì tó ń rìn gba nínú iṣẹ́ méjèèjì: ó ń di kíkà mú, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ tuntun ní ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan.

## Díẹ̀ lára àwọn atabáàsì tó lókìkí

* Milt Hinton (1910–2000): ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Cab Calloway láti ọdún 1936, ó sì tún jẹ́ ayàwòrán tó fi ẹ̀rọ ya ọ̀pọ̀ olórin jáàsì.
* Oscar Pettiford (1922–1960): ọ̀kan lára àwọn atabáàsì àkọ́kọ́ nínú bebop.
* Ray Brown (1926–2002): ọmọ Pittsburgh, tí a mọ̀ fún ìró tó kún àti kíkà tí kì í yẹ̀, ó wà pẹ̀lú Oscar Peterson fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá.
* Paul Chambers (1935–1969): ó wọ ẹgbẹ́ Miles Davis ní ọdún 1955, ikọ́ ife pa òun náà, ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.
* Ron Carter (a bí i ní 1937): sẹ́lò ló kọ́kọ́ kọ́, ó sì ti sọ ní gbangba pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà dí ọ̀nà rẹ̀ nínú orin kílásíkà. Ó wà pẹ̀lú Miles Davis láti ọdún 1963 sí 1968. Ní ọdún 2015, Guinness World Records kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atabáàsì jáàsì tí a gba orin rẹ̀ sílẹ̀ jù lọ, pẹ̀lú ìgbohùnsílẹ̀ 2,221.